Ṣé Oògùn Ni Ó Ń Yí Bọ́ọ̀lù Nínú Afẹ́fẹ́?

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, mo dúró wo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù létí òkun ní Lẹ́kí. Ọmọkùnrin kan gbá a gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tí wọ́n fi ara wọn ṣe ògiri. Gbogbo wa rò pé yóò fò kọjá lẹ́yìn òpó, àfi bí ó ṣe ṣẹ́rí padà wọ inú àwọ̀n. Kíá ni a bẹ̀rẹ̀ sí bú aṣọ́lé. Ẹnìkan ní ó ti gba rìbá. Ẹlòmíràn ní oògùn ni. Ọmọ náà sunkún.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a rẹ́ ọmọ náà jẹ. Afẹ́fẹ́ ni ó ṣe é. Ẹsẹ̀ ni ó sì rán an níṣẹ́.

Bí a bá fi inú ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún rẹ̀, yóò máa pòòyì bí ó ti ń lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ara bọ́ọ̀lù àti afẹ́fẹ́ tí ó ń pàdé jọ ń lọ sí ọ̀nà kan náà, afẹ́fẹ́ a sì lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n dojú kọ ara wọn, afẹ́fẹ́ a sì tètè tú kúrò. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù a ya sọ́tùn-ún, a sì ti bọ́ọ̀lù sósì. Àwọn apẹja ọ̀sà wa mọ̀ ọ́n: ẹni tí ó bá fi àjẹ̀ gbá omi sọ́tùn-ún níwájú ọkọ̀, òsì ni imú ọkọ̀ rẹ̀ yóò yà sí.

Gustav Magnus, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ti dán èyí wò ní 1852, ṣùgbọ́n nítorí ọta ìbọn ńlá ni, kì í ṣe nítorí eré. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, 1997, ní ìlú Lyon, Roberto Carlos ará Brazil gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí mítà 35. Barthez, aṣọ́lé Faransé, kò mira.

Ibi tí a ti ń gbá a pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Johannesburg ga ju òkun lọ ní ohun tí ó lé ní mítà 1,700, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́: bọ́ọ̀lù a yára, kì í sì í yí púpọ̀. Níbẹ̀ ni Vincent Enyeama ti ṣọ́lé fún wa ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, 2010. Argentina fi góòlù kan borí wa, síbẹ̀ òun ni a yàn ní akọni ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti Lẹ́kí dé Ajah, ilẹ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Afẹ́fẹ́ ki, bọ́ọ̀lù a sì yí dáadáa. Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti atẹ́gùn òkun tí ń fẹ́ lọ́sàn-án!

Mo wá ọmọ náà rí, mo sì ṣàlàyé fún un. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n tún fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí i, ẹsẹ̀ ẹni tí yóò gbá a ni ó tẹjú mọ́.