Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́: Ariwo Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Ní táàmù tó kọjá, owó tí a dá láti fi ra bọ́ọ̀lù sọnù ní kíláàsì wa. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo wa fi nawọ́ sí ọmọkùnrin kan pé òun ló kó o. Kí ni ẹ̀rí wa? Òun ló kẹ́yìn jáde lọ́jọ́ yẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà wà lára àwọn tó pariwo. Títí di òní a ò tíì mọ ẹni tó kó owó náà, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kì í bá wa jẹun mọ́ ní bíréèkì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn adájọ́ kan fún yín.

Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Iléṣà ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1925. Ó lọ sí Ilesa Grammar School, ó sì kọ́ ìmọ̀ òfin ní Trinity College ní Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland. Ó padà wálé, ó ṣe lọ́yà, wọ́n sì fi í ṣe adájọ́ Háíkọ́ọ̀tù ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1965.

Kí ni iṣẹ́ adájọ́ Háíkọ́ọ̀tù? Yálà ti ìpínlẹ̀ tó wà ní Ìkàrẹ́ ni o, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, òun ló ń rí ojú ẹlẹ́rìí, tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn adájọ́ kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, ìwé ẹjọ́ ni wọ́n sábà máa ń kà. Bó bá sì jẹ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹni tó pe ẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni tí wọ́n mú jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n mú kọ́ ló máa fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́.

Ọdún tó di adájọ́ náà ni ẹjọ́ ńlá dé. Wọ́n dìbò ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, ọ̀pọ̀ èèyàn ní màgòmágó ni, ìlú sì dàrú. Wọ́n fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá tó jẹ́ olórí ìjọba sáfẹ́fẹ́ ní Ìbàdàn. Ni ọkùnrin kan bá wọ ilé rédíò tòun ti ìbọn, ó ní kí wọ́n gbé téèpù mìíràn sí i, èyí tó ń sọ pé kí Akíntọ́lá kúrò lórí àlééfà. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká, ẹni ọdún 31, pé òun ni.

Ìjọba tó ń bínú ló pe ẹjọ́, adájọ́ tuntun ló sì wà lórí àga. Ṣùgbọ́n Ẹ̀ṣọ́ fetí sí àwọn ẹlẹ́rìí, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ wọn ta kora. Ní oṣù Kejìlá, ó dá Ṣóyínká sílẹ̀.

Ibi tó le rèé o. Nígbà tó yá, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ ìtàn náà nínú ìwé tó kọ nípa ayé rẹ̀, pé òun ló wọ ilé rédíò. Ṣé adájọ́ ṣì í nìyẹn? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé wá síwájú rẹ̀ ló fi dájọ́. Bí adájọ́ bá ń fi ohun tí ó fura sí dájọ́, ta ni yóò sùn fọkàn balẹ̀ nínú wa?

Ẹ̀ṣọ́ dé Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ní ọdún 1978. Lọ́dún 1979, òfin ní ẹni tó máa di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 la ní nígbà náà. Ẹ fi ìṣirò ṣe é: 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Ṣàgàrí ní 12. Ẹ̀ṣọ́ ní a kì í gé ìpínlẹ̀ sí wẹ́wẹ́, 13 ni òfin ń wí. Nínú adájọ́ méje, òun nìkan ló ní kí Awólọ́wọ̀ jàre. Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1990, ó sì kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2012.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Àwa ò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnikẹ́ni ká tó dá tiwa. Mo ti lọ bẹ ọmọkùnrin yẹn. Ó ní kò sí wàhálà, àmọ́ kò tíì wá jókòó tì wá. Ẹ̀yin tó kù ńkọ́?