Iná Oòrùn, Òwò Òkèèrè àti Èéfín Kábọ́ọ̀nù Nàìjíríà

Ní ibùdókọ̀ Ìjẹ̀ṣà l’Ékòó, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, ohun tí Nàìjíríà ń rà lókè òkun ń kọjá tọ̀sán-tòru: àjàgbé tó gbé kọ̀nténà jáde ní èbúté Àpápá àti Tin Can, táńkà epo, mọ́tò tòkunbọ̀. Nínú àdúgbò Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó gan-an, tí iná bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ló ń dáhùn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Irú nǹkan báwọ̀nyí wà nínú ìṣirò èéfín kábọ́ọ̀nù tí Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìṣirò náà lè ya èèyàn lẹ́nu.

Ilẹ̀ tí èéfín bá ti jáde ni wọ́n ń kọ ọ́ sí lọ́rùn, ẹni yòówù kó jẹ àǹfààní rẹ̀. Epo rọ̀bì tí wọ́n wà ní Niger Delta tí wọ́n lọ sun ní Íńdíà, ọrùn Íńdíà ni èéfín rẹ̀ wà. Gáàsì tí wọ́n dáná sun lẹ́bàá kànga epo yẹn kan náà, ọrùn tiwa ni. Òfin 1979 ti ní kí wọ́n jáwọ́ nínú sísun gáàsì bẹ́ẹ̀ láti oṣù kìíní 1984. Iná náà kò tíì kú títí dòní. Mọ́tò àlòkù tí wọ́n kó kúrò ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà kúrò nínú ìwé tiwọn, ó wọ tiwa. Ní ti ọkọ̀ òkun tó gbé e wá, èéfín rẹ̀ kò sí nínú àròpọ̀ orílẹ̀-èdè kankan. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ilé ìfọpo ìjọba kò fi ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, Yúróòpù la ti ń ra èyí tó pọ̀ nínú epo bẹntiróòlù, èéfín fífọ̀ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí, tó lè fọ 650,000 àgbá lóòjọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹntiróòlù. Èéfín iṣẹ́ náà ti wọ ìwé wa báyìí, bí a kò tilẹ̀ fi lítà kan kún epo tí à ń sun. Ẹni tó bá rí i tí iye tiwa lọ sókè nítorí èyí, kó má yára dá wa lẹ́bi.

Ibi tí ẹ̀bi bá wà, tàbí ìyà, inú ṣọ́ọ̀bù ni. Lítà bẹntiróòlù kan kò tó kìlógíráàmù kan lórí ìwọ̀n, síbẹ̀ tó bá jóná tán, nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.3 carbon dioxide ló ń jáde, nítorí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ń fa ọ́síjìn mọ́ra látinú afẹ́fẹ́. Ẹ wo onígbàjámọ̀ kan tó ní kílípà, fáànù, gílóòbù àti tẹlifíṣàn, tó sì gbé ‘I better pass my neighbour’ síta, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Bó bá ń sun lítà 3 lóòjọ́ fún 300 ọjọ́ lọ́dún, lítà 900 nìyẹn, èéfín rẹ̀ sì lé ní tọ́ọ̀nù 2. Bẹ́ẹ̀ bí a bá pín èéfín epo, gáàsì àti sìmẹ́ǹtì Nàìjíríà káàkiri, ìpín ẹnì kan kò tó tọ́ọ̀nù 1 lọ́dún. Ti ará Amẹ́ríkà ju 13 lọ. Onígbàjámọ̀ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Iná ni kò rí lò.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí kò tó 200 náírà di 488 l’Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí 2024 tó parí, ó ti súnmọ́ 1,000. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, fò láti 68 náírà sí 225 fún kìlówáàtì-wákàtí kan. Owó yìí ló lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí ọjà Alábà lọ ra páńẹ́ẹ̀lì sólà, ṣáájú ìwàásù kankan nípa ojú ọjọ́. Iléeṣẹ́ ìwádìí Ember ṣírò pé láàárín oṣù keje 2024 sí oṣù kẹfà 2025, páńẹ́ẹ̀lì tí agbára rẹ̀ lé ní 1,700 mẹ́gáwáàtì ni Ṣáínà kó wá sí Nàìjíríà. Iléeṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbìn, àgbà nínú àwọn tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ níbí, 1,320 ni tirẹ̀. Lóòótọ́, oòrùn ń wọ̀ lálẹ́, gáàsì kì í wọ̀, nítorí náà wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ tààrà. Síbẹ̀ iye náà kì í ṣe kékeré.

Ṣáínà ló ń ṣe ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún páńẹ́ẹ̀lì ayé, èédú ló sì ń pèsè èyí tó ju ìdajì lọ nínú iná ibẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, èéfín ṣíṣe rẹ̀ dé sọ́rùn Ṣáínà, ìdínkù èéfín jẹnẹrétọ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ wa. Ayé kò pàdánù nínú ẹ̀: lábẹ́ irú oòrùn tiwa, páńẹ́ẹ̀lì ń dá agbára tí wọ́n fi ṣe é padà láàárín nǹkan bí ọdún kan sí méjì, ó sì lè lò tó ọdún 25.

Ní 2025, mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ pé ìjọba ń gbèrò láti dá kíkó páńẹ́ẹ̀lì wọlé dúró, kí iṣẹ́ lè wà nílé. Ìdí náà dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn kí iléeṣẹ́ abẹ́lé tó tó, ìdí jẹnẹrétọ̀ ni onígbàjámọ̀ yóò padà sí. Yúróòpù ní tirẹ̀ ti gbé owó èéfín ka orí irin, sìmẹ́ǹtì, alumíníọ́ọ̀mù àti ajílẹ̀ tó ń wọ ilẹ̀ wọn. Kíkọ ìròyìn èéfín ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2023, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ọjà tó bá wọlé láti oṣù kìíní 2026. Ajílẹ̀ yúríà tí à ń ṣe ní Lẹ́kí àti Eleme wà lára ohun tí òfin náà lè kàn.

Nàìjíríà ṣe ìlérí ní Glasgow ní 2021 pé tó bá fi máa di 2060, èéfín tí òun ń tú jáde kò ní ju èyí tí òun ń mú kúrò lọ. Òfin ojú ọjọ́ jáde lọ́dún yẹn náà. Ṣùgbọ́n orí òrùlé ni irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹ, bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ayálégbé ló pọ̀, òrùlé kì í sì í ṣe tiwọn. Ẹ̀yin onílé, tí ayálégbé yín bá bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ gbé páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà fún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ tó bá ń kó jáde.