Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Omi ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní Chicago àti London

Ẹ̀yin òbí tó ń mú ọmọ rìnrìn àjò lásìkò ooru, ibi méjì rèé tọ́mọ ti lè ṣeré omi láìsan kọ́bọ̀.

Ní Chicago, ẹ lọ síbi Crown Fountain nínú Millennium Park. Láti 2004 ni òpó gíláàsì méjì tó ga ní 50 ẹsẹ̀ bàtà ti ń kojú síra wọn níbẹ̀. Ojú àwọn ará ìlú, bí i 1,000, ló ń hàn lára wọn níkọ̀ọ̀kan. Ojú náà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á ṣẹ́jú, á wá ká ẹnu jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, omi á sì tú jáde gbàà! Igbe ọmọdé lẹ máa gbọ́. Omi tó wà nílẹ̀ kò ju èyí tó ń rin àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń pa á nígbà òtútù o.

Ti London wà ní Granary Square, nítòsí King's Cross: ihò 1,080 ló ń tu omi láti inú ilẹ̀. Àmọ́ Regent's Canal wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ má gbójú kúrò lára ọmọ.

Lójú tèmi, London ló yẹ ọmọ ọdún méjì. Omi ẹnu ti Chicago lè já a láyà. Ẹ ṣáà mú aṣọ ìnura dání. Pátá tútù nínú ọkọ̀ ojú irin kì í ṣeré.