Títọ́jú Owó Ìrìnàjò Ọdún

Kò sí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kìn-ín-ní títí di oṣù kejìlá tí ara rẹ̀ kò ní bèèrè ìsinmi. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, bí àkókò ìsinmi bá dé, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ a máa lọ sí etí òkun tàbí sí orí òkè láti gba afẹ́fẹ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilé ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń lọ. Ọmọ Mamu kan lè máa ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Èkó, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ta aṣọ ní Ìbàdàn, kí àbúrò wọn sì jẹ́ olùkọ́ ní Ṣàgámù. Síbẹ̀ ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí gbogbo wọn ń fẹ́ láti jókòó jẹun nínú àgbàlá kan náà. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn, àsìkò Iléyá ni ọjọ́ náà.

Mamu wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n bá ti kírun, tí wọ́n ti pa àgbò, tí wọ́n sì ti bẹ àwọn àgbà wò, ọjọ́ kẹta ọdún a máa fa ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ kí Awùjalẹ̀, láti dúpẹ́ pé ọba gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lóde òní, àti Mùsùlùmí àti Kristẹni ni ó ń bá wọn péjọ. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, a máa wọ aṣọ kan náà wá. Àwọn ìdílé Balógun a sì máa gun ẹṣin tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá rí i kò ní fẹ́ kí ó tètè tán.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn yìí, owó ni a fi ń ṣe é. Àwọn kan wà tí kì í rántí ọdún àfi ìgbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà náà ni wọn yóò wá owó èlé kiri. Wọn yóò ra aṣọ, wọn yóò ra àgbò, wọn yóò ná owó fún ará àti ọ̀rẹ́, gbogbo ìlú yóò sì máa yìn wọ́n. Bí wọ́n bá padà sí ibi iṣẹ́ wọn, onígbèsè yóò ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Owó ilé kò ní sí. Bí ilé-ìwé bá sì wọlé, wọn yóò dá àwọn ọmọ padà sílé nítorí owó. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Ojúde Ọba, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ lè pẹ́ títí Iléyá mìíràn yóò fi dé. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ tipẹ́ pé, "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n."

Kí ni ó wá yẹ kí ìdílé ṣe? Ohun èkíní ni kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọn yóò ná sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú ìdílé káfíńtà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Iye tí a ó kọ síhìn-ín kì í ṣe iye ọjà. Nítorí kí ìṣirò lè yé wa ni. Ká sọ pé owó ọkọ̀ wọn ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 60,000 náírà, aṣọ, 84,000, oúnjẹ àti ìpín tiwọn nínú àgbò, 72,000, ẹ̀bùn fún àwọn àgbà, 30,000, owó ẹgbẹ́ àti ìrìnàjò sí Ìjẹ̀bú-Òde, 24,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dúró síbẹ̀, wọn yóò sì gbàgbé oúnjẹ tí ìdílé yóò jẹ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá padà dé. Kí á fi 30,000 sílẹ̀ fún èyí. Gbogbo rẹ̀ wá di 300,000 náírà. "Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Bí àpapọ̀ iye yìí bá ju agbára wọn lọ, orí ìwé ni kí wọ́n ti gé e kù, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá dé ọjà.

Ohun kejì ni kíka ọjọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Òṣùpá ni a fi ń ka ọdún Iléyá. Ọdún òṣùpá jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, nígbà tí ọdún ti kàlẹ́ńdà ara ògiri jẹ́ 365 tàbí 366. Nítorí náà, ní ọdọọdún, Iléyá a máa fi bí ọjọ́ 11 ṣíwájú bí ó ti wá ní èṣín. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni ó bọ́ sí. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kan náà. Ẹni tí ó ṣe Iléyá 2023, tí ó sì ṣètò láti kó owó rẹ̀ ní òpin oṣù kẹfà 2024, ọdún ti kọjá lọ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Káfíńtà wa kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń dá 1,000 náírà lójúmọ́ fún alájọ, ọgbọ̀n ọjọ́ yóò fún un ní 30,000. Alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ rẹ̀, yóò sì ku 29,000. Bí ó bá dá a ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, ó di 319,000, ìyẹn ni pé 19,000 wà nílẹ̀ fún ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ ọjọ́ 330. Nítorí náà, owó yóò pé nígbà tí ọdún bá ku bí ọjọ́ 24. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé ẹ̀ẹ̀méjìlá ni òun yóò dá a, ìyẹn di ọjọ́ 360, yóò sì fi nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kọjá ọdún. Láti ọjọ́ ọdún ni a ti ń ka owó padà sẹ́yìn.

Ohun kẹta ni ibi tí owó yóò wà. Kóló dára fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó kan kóló lè fọ́ ọ. Alájọ dára fún ẹni tí ń rí owó lójoojúmọ́, bí ó bá jẹ́ ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ tí a sì mọ ìwà rẹ̀. Èsúsú yàtọ̀ sí èyí. Bí ènìyàn 11 bá ń dá 30,000 lóṣooṣù, ẹnì kan yóò máa kó 330,000 lẹ́ẹ̀kan náà, títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o, bí ẹni tí ó yá owó láìsan èlé ni. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn, òun ni ó fi owó pamọ́ ní tòótọ́. Àṣà àtijọ́ ni: Samuel Johnson mẹ́nu kàn án nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní ní Trinidad, níbi tí wọ́n ń pè é ní "susu". Òtítọ́ ni òpó rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kó tirẹ̀ tán tí ó sì sá, ọdún àwọn yòókù ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń gba owó oṣù lè lo ilé ìfowópamọ́ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Àgbẹ̀ tí ó wà ní Mamu pàápàá ní ìṣirò tirẹ̀. Láàárín oṣù kẹwàá àti oṣù kìn-ín-ní ni ọ̀pọ̀ kòkó ń wọlé, owó a sì máa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá pín in kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ná an, ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti Èkó dé, ọwọ́ rẹ̀ yóò ti ṣófo, bẹ́ẹ̀ òun sì ni olùgbàlejò.

Ẹ má sì gbàgbé pé iye nǹkan kì í dúró lójú kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 480. Oṣù kan péré ni ó kù kí Iléyá ọdún náà dé. Ẹni tí ó ti tọ́jú owó ọkọ̀ ní géérégé rí i pé kò tó mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á ní èlé díẹ̀ lórí iye tí a ṣírò, kí á sì tètè ra ohun tí kò lè bàjẹ́. Aṣọ tí a ti rà sínú àpótí, ọ̀wọ́n ọjà kò lè rí i mú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ bàbá àti ìyá nìkan ni èyí. Ọmọ tí ó mọ iye tí òbí rẹ̀ ń dá lójúmọ́ kò ní fi igbe béèrè bàtà olówó ńlá nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la. Ẹ lè bá wọn kọ ìwé ìṣirò náà, ẹ sì lè bá wọn ka oṣù. Ìdùnnú ọdún kò sí nínú aṣọ tí ó wọ́n jù lọ. Bí a bá rí bàbá àgbà ní ààyè, tí a gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀, tí a sì padà sí ẹnu iṣẹ́ láìjẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ọdún náà yabo. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni owó ọdún fi ń pé.