Kí Ni Ìdí Tí Àwọn Ènìyàn Fi Ń Gbà Láti Wà Lábẹ́ Òfin Kan? Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Abẹ́òkúta

Inú ènìyàn kì í sábà dùn nígbà tí a bá ń gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí nígbà tí a bá sọ fún un pé ohun kan jẹ́ èèwọ̀ ní ìlú. Síbẹ̀, níbikíbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ń gbé pọ̀, a óò rí òfin níbẹ̀, a óò sì rí àwọn tí ń mú òfin náà ṣẹ. Kí ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi gbà láti jọ̀wọ́ díẹ̀ nínú òmìnira wọn? Kí sì ni ó ń mú kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ́ tàbí kí ó bàjẹ́? Ìtàn ìlú Abẹ́òkúta, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí Ìhìnrere kọ́kọ́ dé ní ilẹ̀ Yorùbá, yóò ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn.

Ewu ni ó kó wọn jọ

Kí ó tó di ọdún 1830, inú igbó Ẹ̀gbá ni àwọn Ẹ̀gbá ń gbé, ní ìlú kéékèèké tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀ àti Ògbóni tirẹ̀. Nígbà tí ogun tí ó ti fọ́ ìlú Òwu dé ọ̀dọ̀ wọn ní àwọn ọdún 1820, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ogun náà ń kó wọn. Àwọn tí ó ṣẹ́kù gbé ní Ìbàdàn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn lọ sí abẹ́ àpáta Olúmọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ará Òwu náà wá bá wọn.

Ibì kan náà ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n wọn kò tíì di ìlú kan ṣoṣo. Ìjẹmọ̀ ṣì ń jẹ́ Ìjẹmọ̀, Kémta ṣì ń jẹ́ Kémta. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, Ògbóni ni ó ń ṣe òfin tí ó sì ń dá ẹjọ́, àwọn Olórógun ń bójú tó ogun, àwọn Pàràkòyí sì ń bójú tó òwò. Nígbà tí ogun Dàhómì dé ní oṣù kẹta ọdún 1851, tí ó sì tún padà wá ní ọdún 1864, gbogbo wọn ni wọ́n jọ gbèjà odi ìlú, wọ́n sì lé ọ̀tá padà. Àdúgbò kan kì bá tí lè dá a ṣe. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ìdí àkọ́kọ́ nìyẹn: ìjọba wà láti ṣe ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe. Ìdí kejì máa ń hàn ní ìgbà àlàáfíà. Bí ọmọ Ìjẹmọ̀ bá jẹ ọmọ Kémta ní gbèsè, ta ni yóò dá ẹjọ́ wọn? Bí olúkúlùkù bá ń ṣe onídàájọ́ fún ara rẹ̀, ìjà ni yóò kẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnì kan kò tó láti jẹ́ òfin

Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843, Ṣódẹkẹ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ kú ní ọdún 1845, ọ̀wọ̀ náà sì bá a lọ. Ọdún 1854 ni wọ́n tó fi Okùkẹ́nù jẹ Aláké. Ìṣọ̀kan tí ó dúró lórí ìwà ẹnì kan kì í pẹ́ ju ẹ̀mí onítọ̀hún lọ.

Ní ọdún 1865, George William Johnson, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti Sàró padà wálé, dá ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ Ẹ̀gbá sílẹ̀. Baṣọ̀run Ṣómóyè ni olórí rẹ̀, Johnson sì ni akọ̀wé. Wọ́n ń gba owó ibodè lórí ọjà tí ó ń jáde ní ìlú, wọ́n sì ṣètò bí a ó ti máa fi lẹ́tà ránṣẹ́. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n àwọn olóyè àdúgbò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń gbọ́ tiwọn. Lẹ́yìn tí Ṣómóyè kú ní ọdún 1868, ìjà oyè dé, agbára ìgbìmọ̀ náà sì ń rọ díẹ̀díẹ̀. Òfin tí a kọ sínú ìwé kò tíì wọ inú ọkàn àwọn tí yóò pa á mọ́.

Àwọn tí ń sanwó tí a kò gbọ́ ohùn wọn

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òmìnira Ẹ̀gbá ní ọdún 1914. Ní ọdún 1918, nígbà tí a gbé owó-orí tuntun kalẹ̀, ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè. A ṣẹ́gun wọn, owó-orí náà sì dúró. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ń san án: ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin láti ọdún 16. Síbẹ̀, kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tí ń pinnu bí a ó ti ná owó náà.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, aya Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, kó àwọn obìnrin tí ó kàwé àti àwọn ìyá ọlọ́jà jọ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ dúró ní ààfin Aké. Ní ọdún 1948, a dá owó-orí àwọn obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, a sì fi àwọn obìnrin sínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ọba náà padà sórí oyè ní oṣù Kejìlá ọdún 1950.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyí béèrè. Wọn kò sọ pé kí ìjọba má sí mọ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ẹni tí ń san owó ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ bí a ó ti ná an. Ìdí kẹta nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń gba òfin: wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ àwọn náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù lè kó ènìyàn jọ sí abẹ́ àpáta, ṣùgbọ́n kì í mú wọn dúró pẹ̀lú ìfẹ́ inú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Nínú ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tí ń dá owó ọlọ́dẹ, àti nínú ìgbìmọ̀ ìjọ tí ń bu owó lé ọmọ ìjọ, ó yẹ kí a máa béèrè bóyá àwọn tí yóò san án ti gbọ́ ìdí rẹ̀, àti bóyá a ti gbọ́ tiwọn. Bí a bá sì ti jọ pinnu, kí olúkúlùkù san tirẹ̀, àti àgbà àti ọmọdé. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ni ó máa ń gún.