Ìdọ̀tí Kéékèèké Tó Ń Kó Jọ Lẹ́yìn Ojú Àgbà

 

Ọ̀rọ̀ ojú ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó ń tajà, ojú rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ojú la fi ń ka owó, òun la fi ń mọ ayédèrú owó yàtọ̀, òun náà la fi ń dá oníbàárà mọ̀ kó tó yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n tí ojú bá ti ń ṣe bàìbàì, ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé àgbà ló dé, wọ́n á sì ra awò lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Lóòótọ́ àgbà ló dé, àmọ́ ó yẹ ká mọ ohun tí àgbà ń ṣe nínú ojú.

Àìsàn ojú pọ̀. Kátáráàtì tó máa ń mú kí ẹyinjú funfun, àti glọkọ́mà tó máa ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀, ni a máa ń gbọ́ jù ní Nàìjíríà. Èyí tí mo fẹ́ sọ yàtọ̀ sí méjèèjì. Àárín ìríran ló máa ń bà jẹ́, àwọn tó ti lé ní 50 ọdún ló sì máa ń mú. Age-related macular degeneration ni àwọn dókítà ń pè é. AMD ni wọ́n gé e kúrú sí.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN OJÚ

Ní ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní rẹ́tínà. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀, tó sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni mákúlà wà. Kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ, ṣùgbọ́n òun la fi ń kàwé, òun la fi ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òun la fi ń mọ ojú èèyàn.

Ẹ wo ọjà wa yìí. Bí a ti ń tà la ń da pàǹtírí sílẹ̀. Bí àwọn agbálẹ̀ kò bá wá, tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò sì ríbi gbà wọlé, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú rí. Àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni ṣóńṣó orí wọn ń bọ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Àwọn ẹ̀yà mìíràn tò sẹ́yìn wọn tó jẹ́ agbálẹ̀ wọn. Àwọn yìí ló ń gbé èèpo yẹn mì, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń ti èyí tó kù sẹ́yìn kí ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kan náà ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Láàárín agbálẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀, awọ tín-ín-rín kan wà tó dà bí ajọ̀ tí a fi ń jọ èlùbọ́. Ohun tó ń lọ àti ohun tó ń bọ̀, inú ajọ̀ yìí ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

BÍ ÌDỌ̀TÍ ṢE Ń KÓ JỌ

Bí a bá ti ń dàgbà, ajọ̀ yìí á máa nípọn, ọ̀rá á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ti rí ajọ̀ tí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ tí wọn ò fọ̀ rí, àbí? Ihò rẹ̀ á dí ni. Agára á ti máa dá àwọn agbálẹ̀ náà, èèpo tí wọn kò lè lọ̀ tán á ti máa kó sí wọn nínú. Ohun tó yẹ kó kọjá lọ sínú ẹ̀jẹ̀ á wá jókòó láàárín agbálẹ̀ àti ajọ̀. Òkìtì wẹ́wẹ́ yìí, tó jẹ́ ọ̀rá àti purotéènì, òun ni wọ́n ń pè ní drusen. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Jámánì ni. Bí dókítà bá tan iná wo ẹ̀yìn ojú, á rí i tó tò tótòtó, tó pọ́n rúsúrúsú.

Kò tán síbẹ̀ o. Ara wa ní ọlọ́dẹ tirẹ̀ tó ń bá àjèjì jà. Tí àwọn ọlọ́dẹ bá rí òkìtì yẹn, wọ́n á dà bò ó, ìjà wọn á sì máa ba ibi tó dára jẹ́. Ní 2005, àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn kan jogún jíìnì tí kò lè kó àwọn ọlọ́dẹ yìí níjàánu dáadáa. Ọ̀kan nínú ìdí tó fi máa ń wà nínú ìdílé kan ju òmíràn lọ nìyẹn.

BÓ ṢE Ń LE SÍ I

Ẹ mú mìlímítà 1 lórí rúlà, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 16. Drusen tí kò tó ìdá kan nínú 16 yẹn, ti ọjọ́ orí lásán ni, kì í ṣe àìsàn. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò tíì ju ìdá kan nínú 8 mìlímítà, ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn nìyẹn. Tó bá ti ju ìdá kan nínú 8 lọ, tàbí tí àwọ̀ ẹ̀yìn ojú ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ó ti dé ìpele àárín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, èèyàn kì í mọ nǹkan kan lára. Ní ìpele àárín, ó lè máa fẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó bá sì ti inú oòrùn wọ inú òkùnkùn, á pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó là. Àwọn òkìtì náà á máa fẹ̀, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á gbé agbálẹ̀ jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Nígbà mìíràn òkìtì á dédé wọlẹ̀. Ẹ má tíì máa dúpẹ́: ó lè jẹ́ pé àwọn agbálẹ̀ ibẹ̀ ti kú ni.

Ọ̀nà méjì ni ìpele ìkẹyìn máa ń gbà wá. Èkíní ni gbígbẹ: ẹ̀yà ojú á máa kú lábala lábala, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún pípẹ́. Èkejì ni olómi: iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á hù gba inú ajọ̀, á máa jò, ó sì lè ba ìríran jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní drusen ló ń débẹ̀. Ẹni tó bá sì débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ṣì máa ń ríran. Á lè rìn, àmọ́ á ṣòro fún un láti ka owó.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

1. Ẹni tó bá ti pé 50 ọdún, kó lọ sí ilé ìwòsàn ojú, kí wọ́n kán oògùn tó ń la ẹyinjú sí i, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú. Awò tí wọ́n ń kiri kò lè ṣe ìyẹn.

2. Ẹ máa yẹ ojú yín wò nílé. Ẹ wọ awò ìkàwé yín tí ẹ bá ní, ẹ bo ojú kan, ẹ fi èkejì wo ìlà tó tọ́, bí ìlà táìlì tàbí irin fèrèsé. Èmi, ìlà aṣọ òkè tí mò ń tà ni mo fi ń ṣe é. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o, torí ojú tó dára máa ń bo àṣírí èyí tí kò dára. Tí ìlà bá wọ́, tàbí tí àárín rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà mìíràn. Láti 2006 ni abẹ́rẹ́ ranibizumab ti wà tí wọ́n ń gún sínú ojú fún ti olómi. Bí a bá ṣe tètè dé ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

3. Ẹni tó ń mu sìgá, kó jáwọ́. Ó wà lára ohun tó ń dá kún un jù.

4. Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja. Ìwádìí ńlá AREDS tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 2001 pé àpapọ̀ fítámì àti síńkì kan dín ewu ìpele ìkẹyìn kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, fún àwọn tó ti dé ìpele àárín. Kò fọ drusen kúrò, kò sì wà fún gbogbo èèyàn. Ní 2013 wọ́n yọ beta-carotene inú rẹ̀, torí pé ó léwu fún àwọn tó ń mu sìgá. Torí náà, ẹ bi dókítà kí ẹ tó rà á.

5. Fún ti gbígbẹ, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ ní 2023. Ó ń dín eré rẹ̀ kù ni, kò lè dá ìríran tó ti lọ padà. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi omi ewé, ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà sójú kó lè fọ ìdọ̀tí yìí, ẹ sá fún un. Ẹ̀yìn ojú ló wà, omi yẹn ò lè débẹ̀. Iwájú ojú ló máa bà jẹ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ojú náà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fọwọ́ tá owó níbi tó yẹ ká ti fojú kà á. Ire o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín