Àtúnṣe Toyota RAV4

Toyota RAV4 jẹ́ ọkọ̀ jíìpù kékeré tí ilé-iṣẹ́ Toyota ti orílẹ̀-èdè Jàpáànì kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1994. Àwọn ìran tó tẹ̀ lé e jáde ní 2000, 2005, 2012, 2018 àti 2025. Àlàfo ọdún márùn-ún sí méje yìí ni àwọn ènìyàn fi ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà tí tuntun yóò dé. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí yóò yí padà. Nínú ìran tó jáde ní 2025, gbogbo RAV4 tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló ní mọ́tò iná mànàmáná pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì epo. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ Nàìjíríà ti ń wá láti ibẹ̀, àwọn mẹkáníìkì Àkúrẹ́ náà yóò ní láti kọ́ àtúnṣe rẹ̀.